Ìyá Ọkọ Mi Ń Bọ̀ Lọ́dọ̀ Yín

Lẹ́bàá Bremen, Jámánì
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 1989

Ìyá mi,

Mo kí yín kú ooru, mo sì kí yín kú iṣẹ́ wàrà. Mo mọ̀ pé lásìkò yìí ní Chodang, wàrà sóyà tí ẹ bá sè láàárọ̀ á ti fẹ́ máa kan kó tó di ọ̀sán, nítorí náà ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi Gi-tae ń wá wò yín láti Seoul, àbí ẹnu lásán ni wọ́n fi ń wá? Èmi àti Hinrich ọkọ mi wà. Ní ọsibítù, wọ́n ti gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó. Èmi ni wọ́n máa ń pè bí ẹnì kan bá kọ oúnjẹ.

Ìyá mi, ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé. Màmá Gesine, ìyá Hinrich, fẹ́ wá sí Gangneung, wọ́n sì fẹ́ wá dé sọ́dọ̀ yín.

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Láti ìgbà tí wọ́n ti wo eré ìdárayá gbogbo àgbáyé ti Seoul lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún tó kọjá ni ọkàn wọn ti ń fà síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wọ́n, wọn ò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tí kì í ṣe Jámánì rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n wá síbí, wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lé orí tábìlì, wọ́n ní, "Mo ti rà á." Hinrich ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Wọ́n ní, "Ìyá ìyàwó rẹ." Hinrich ní, "Èdè wo lẹ máa sọ?" Wọ́n ní, "Àwa méjèèjì ti bímọ, a sì ti sin ọkọ. Ìyẹn ò tó ọ̀rọ̀ sọ ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n máa lò. Gbogbo ohun tí mo ti ń ròyìn fún wọn láti ọjọ́ yìí ni wọ́n fẹ́ fojú rí: òkun, òkè Seorak bí ewé rẹ̀ bá pọ́n, àti oúnjẹ ọwọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n mi á lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, á sì mú wọn wọ bọ́ọ̀sì wá.

Èmi ò ní lè bá wọn wá. Wọn ò fún mi láàyè níbi iṣẹ́.

Ọmọ yín,
Geum-ran


Chodang, Gangneung
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ

Geum-ran,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó gbà pé ohun tí mo kà ni mo kà.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni o ti lọ. Nígbà tó o lọ, o ní ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n gbà ọ́ fún. Ojoojúmọ́ làwọn tó ń ra wàrà lọ́wọ́ mi ń bi mí pé, "Ìyá Gi-tae, nọ́ọ̀sì yín dà?" Mo máa ń sọ pé ó ń bọ̀. Ní báyìí ẹnì kan ń bọ̀ lóòótọ́, àna mi ni. Ta ló ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ọmọ jókòó sílé ọkọ, ó rán ìyá ọkọ wá wo ilé bàbá rẹ̀!

Wọn ò fún ọ láàyè. Nígbà tí bàbá rẹ kú, bẹ́ẹ̀ náà lo kọ̀wé pé ọ̀gá rẹ ò fún ọ láàyè. Ṣé ọ̀gá yẹn ṣì wà níbẹ̀ ni? Ó mà lágbára o. Bàbá rẹ búra pé òun ò ní ka lẹ́tà rẹ mọ́ torí pé o fẹ́ òyìnbó, òótọ́ ni, alágídí ni. Ṣùgbọ́n òkú kì í bá èèyàn jà. Nígbà tí wọ́n ń bò ó, ojú ọ̀nà ni mò ń wò.

Ó tó. Ọ̀rọ̀ àna ló wà nílẹ̀. Kí ni wọ́n máa ń jẹ? Ṣé wọ́n lè jókòó sílẹ̀? Ṣé wọ́n lè sùn sílẹ̀? Ìyá Dong-su, aládùúgbò mi, ní kí n lọ wá bẹ́ẹ̀dì, pé bí òyìnbó bá sùn sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á kán. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun rí i nínú fíìmù. Mo ti ní kí wọ́n wá lẹ bébà tuntun mọ́ ògiri yàrá, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilé. Kò sí ẹni tí àna ń bọ̀ wá bá tí oorun á kùn.

Dá mi lóhùn kíákíá. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹjọ

Ìyá mi,

Mo kí yín o. Wọ́n lè sùn sílẹ̀, ẹ ṣáà tẹ́ ibùsùn tó nípọn. Wọ́n lè jókòó sílẹ̀ bí wọ́n bá rí ògiri fẹ̀yìn tì. Ẹ má fún wọn ní ẹja tútù tí a ò sè. Ẹ má gbé ohun tí ojú rẹ̀ ṣì ń wo èèyàn síwájú wọn. Kọfí ni wọ́n máa ń mu láàárọ̀, wọ́n á gbé e dání. Bí wọ́n bá fọ́n imú nídìí oúnjẹ, ẹ má bínú, kò sí ìwà àfojúdi níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn ti yó, wọ́n ti yó náà nìyẹn, ẹ má tún bu kún un.

Wọ́n fẹ́ràn láti máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n sinmi, wọ́n á rò pé ẹ̀ ń lé àwọn ni.

Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ṣàlàyé nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Geum-ran


Chodang
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án

Geum-ran,

Àna wa ti dé o. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀, torí pé ta ni ò ní rí wọn? Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Ìyá Dong-su fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, "Ìyá Gi-tae, àna yín yìí ga ju ilẹ̀kùn yín lọ." Àgbà òfófó! Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti fi iwájú orí gbá a. Mo ti so aṣọ pupa mọ́ òkè ilẹ̀kùn kí wọ́n lè máa rántí bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, mo tẹrí ba fún wọn mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ ká kí àna. Àwọn náà rí i, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì tẹrí ba, wọn ò wá lè dìde mọ́. Mo fà wọ́n títí, èmi náà ṣubú lù wọ́n. Bí a ṣe pàdé nìyẹn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Mo tọ́jú oríṣi oúnjẹ mẹ́tàlá sórí tábìlì. Mo mọ̀ pé o ní kí n má bu kún oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé oúnjẹ mẹ́ta kalẹ̀ fún àna kí n sì tún máa wojú èèyàn. Wọ́n yọ ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì tiwọn nínú báàgì, wọ́n nu ún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti òpin kan tábìlì dé òpin kejì bí ẹni ń kórè oko. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ewébẹ̀ kimchi aláta mi, ojú wọn pọ́n. Wọ́n mu omi. Wọ́n tún padà síbẹ̀. Ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́wàá tí a ki ìrẹsì sí nínú nìkan ni wọ́n gbé yí wò títí, bóyá ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Mo ti gé orí rẹ̀ dànù, mo rántí ohun tó o wí.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa wọ́n ti wọ bàtà rọ́bà bàbá rẹ, òun nìkan ló gba ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń bá mi lọ ẹ̀wà sóyà, wọ́n ń bá mi gbé omi òkun. Nígbà tí mo da omi òkun sínú ìkòkò tí wàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì, wọ́n pariwo bí ẹni rí iṣẹ́ ìyanu. Mo bu gbígbóná fún wọn nínú àwo láìfi nǹkan kan sí i. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n na àwo sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ìwọ lo sì ní tí wọ́n bá yó, wọ́n yó.

Ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Mo mú wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí wọ́n rí i pé gbogbo obìnrin ló wà níhòòhò, wọ́n dúró ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn. Gbogbo àwọn obìnrin inú omi náà ń wò wọ́n. Ìyá Dong-su ló lanu sọ̀rọ̀: "Ẹ wọlé jàre, ohun tẹ́ ẹ ní náà la ní!" Wọn ò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ju aṣọ ìnura sílẹ̀. Mo fi kànhìnkànhìn ha ẹ̀yìn wọn títí ó fi pọ́n. Àwọn náà ní kí n yí ẹ̀yìn padà. Geum-ran, ọwọ́ wọn le. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti fọ ẹ̀yìn fún mi.

Tíṣà Kwon tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lédè Jámánì wá kí wọn. Ogún ọdún ló ti ń kọ́ni. Ó jókòó, ó wú ikọ́, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, òógùn bò ó, ó sì ní òun ń lọ. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní, "Mo ní ìwé wà lórí tábìlì." Ìwé kankan ò sì sí níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ọdún ìkórè Chuseok á dé. Màá mú wọn lọ sí sàréè bàbá rẹ. Ó dára kó mọ àna rẹ̀.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún o! Mo ka lẹ́tà yín sí Hinrich létí, a rẹ́rìn-ín débi tí ajá ilé kejì fi ń gbó wa. Ó ní kí n sọ fún yín pé ìyá òun ò tíì bá ẹnikẹ́ni wẹ̀ rí láyé, kí ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ dá wọn padà bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ mú wọn lọ jẹ núdù tútù ní ìdí òkè o, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí bí àwọn ará Jumunjin ṣe ń sá ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́wàá sórí okùn lẹ́bàá òkun. Ṣé ẹ fún wọn ní àkàrà ìrẹsì ọdún tí a fi ewé páìnì sè? Nígbà tí mo jẹ́ ọmọdé, ẹ máa ń ní ẹni tó bá mọ tirẹ̀ dáadáa á bí ọmọ tó lẹ́wà. Tèmi ló máa ń wọ́ jù.

Ní ti sàréè, bí ẹ ò bá tíì lọ, bóyá kí ẹ fi wọ́n sílé. Ọ̀nà ibẹ̀ dagun, ẹsẹ̀ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára.

Geum-ran


Chodang
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Geum-ran,

A ti lọ sí sàréè. Mo ní kí n fara balẹ̀ kí n tó kọ ọ́, ọjọ́ mẹ́ta sì nìyí.

Gi-tae ti wá ro ibẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. A gbé èso, ọtí, àkàrà ìrẹsì àti wàrà dání. Ojú ọjọ́ dára, òkun hàn láti òkè. Gi-tae da ọtí, a tẹrí ba. Àna wa ò tẹrí ba lọ́jọ́ náà, wọ́n dúró sẹ́yìn, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀. Nígbà tí a parí, wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán hú àwọn koríko wẹ́wẹ́ tí Gi-tae fi sílẹ̀. Wọn ò fi ìkan sílẹ̀. Mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì mọ̀ pé obìnrin yìí ní ibì kan tó máa ń ro.

Mo rò pé sàréè ọkọ wọn ni. Mo na ọwọ́ sí sàréè bàbá rẹ, mo wá na ọwọ́ sí àwọn náà, mo fi ojú bi wọ́n. Wọ́n mi orí. Wọ́n ṣe apá wọn bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, wọ́n mì ín díẹ̀, wọ́n sì na ọwọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Hinrich? Àbúrò Hinrich?" Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Geum-ran." Wọ́n tún fi ọwọ́ kan àyà mi, wọ́n fi kan àyà tiwọn, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ pé tiwa ni, àwa méjèèjì. Ojú wọn rí bí ti ẹni tó rò pé ohun tí mo ti mọ̀ ni òun ń bá mi sọ.

Wọ́n yọ fọ́tò kan nínú báàgì. Òkúta kékeré ni, òdòdó yí i ká. Mi ò lè ka àwọn lẹ́tà ara rẹ̀. Nọ́ńbà ni mo lè kà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sí èkejì: ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1984.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà ni bàbá rẹ kú. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ tẹ wáyà sí ọ.

Gi-tae ní kí a pe Tíṣà Kwon kó wá ka òkúta náà. Mo ní rárá. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.

O lóyún, n ò gbọ́. O bímọ, n ò gbọ́. O sin ín, n ò gbọ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń kọ lẹ́tà èébú sí ọ pé o ò wá sin bàbá rẹ, o sì ń dá mi lóhùn pé ọ̀gá ni, ọ̀gá ni. Gbogbo èyí ni màá bi ọ́ tó bá yá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ báyìí, mo sì bẹ̀ ọ́, má pa irọ́ kankan fún mi nítorí pé mo jẹ́ arúgbó. Ṣé wáyà tèmi ni? Ṣé ohun tí mo kọ síbẹ̀ ló pa ọmọ náà nínú rẹ?

Ìyá rẹ


Chodang
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá

Geum-ran,

Lẹ́tà ọdún tó o kọ dé lọ́jọ́sí, èyí tó o ti ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé o ti kọ ọ́ kí tèmi tó dé ọwọ́ rẹ. Mo rí i pẹ̀lú pé o ní kí n má mú wọn lọ sí sàréè. Láti ìgbà náà mi ò gbọ́ nǹkan kan. Alápò lẹ́tà ti mọ̀ mí, kó tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti ń mi orí.

Mi ò bínú. Mò ń dúró ni.

Àna wa ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo ń bọ́ wọn, mo sì ń mú wọn káàkiri. A ti lọ sí Jumunjin, wọ́n jẹ ẹja tútù fúnra wọn, kò sí ẹni tó fi dandan mú wọn. Wọ́n rí obìnrin kan tó ń gé e, wọ́n na ọwọ́, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dijú. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó tún gé. A dé Seorak lọ́jọ́ kẹta oṣù yìí. A wọ àpótí tí okùn irin ń fà gun òkè, èmi ni mo ń bẹ̀rù, àwọn ni wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ewé ti pọ́n láti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ dé àárín. A jókòó sórí òkúta, a jẹ pòtétò tí mo sè wá láti ilé. Nígbà tó ṣe, mo fi apá ṣe bí ẹni gbé ọmọ, mo sì fi ojú bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí. Wọ́n fi ọwọ́ kan irun mi, wọ́n fi kan irun tiwọn, wọ́n sì tún padà sórí tèmi, wọ́n dúró síbẹ̀. Dúdú ni irun rẹ̀. Mo gbọ́.

Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n ń padà. Bí o ò bá lè kọ ọ́, sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n ó mọ̀ pé o ò lè kọ ọ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá

Ìyá mi,

Ẹ dárí jì mí pé mo pẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ohun tí ẹ bi mí kí n tó sọ ohun mìíràn.

Rárá. Kì í ṣe wáyà yín.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà ni mo ṣàkíyèsí pé ọmọ náà ò yí mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ kí dókítà tó sọ. Bàbá ṣì wà láàyè lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n gbà á lára mi. Obìnrin ni. Oṣù méje lé díẹ̀. Okùn ìwọ́ ló lọ́. Wáyà yín dé ilé lọ́jọ́ kejìdínlógún, Hinrich ló gbà á. Ó fi sínú àpò kóòtù rẹ̀, ó ń gbé e kiri fún ọjọ́ mọ́kànlá kó tó lè sọ fún mi. Nígbà tí mo fi gbọ́ pé bàbá kú, ẹ ti sin wọ́n tán, ẹ ti kúrò ní sàréè. Hinrich ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, mi ò sì bá a wí. Kí ni ì bá ṣe?

Nítorí náà, ẹ gbé ẹrù yẹn kalẹ̀ o, Ìyá mi. Kì í ṣe tiyín rí.

Kí ló dé tí mi ò sọ fún yín? Mo bẹ̀rù pé ohun tí ẹ rò yìí gan-an lẹ máa rò. Ẹ máa ka ọjọ́, ẹ máa rí i pé ọjọ́ méjì ló wà láàárín wọn. Mo ní kí ẹ kúkú máa bá mi bínú. Ẹni tó ń bínú ṣì ń jẹun. Màmá Gesine ti máa ń bi mí pé, "Ìyá rẹ ńkọ́, kí ni wọ́n sọ nípa ọmọ wa?" Màá ní, "Wọ́n sunkún." Mo parọ́ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé ẹ mọ̀.

Ó ku ohun kan. Èyí ni mi ò lè kọ nínú lẹ́tà márùn-ún yòókù.

Ẹ ní ẹ ò gbọ́ pé mo lóyún. Mo kọ̀wé sí yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1983 ni, ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ ọ́ sí. Bàbá ló gbà á lọ́wọ́ alápò lẹ́tà. Wọ́n ṣí i, wọ́n kà á, bóyá nígbà tí ẹ̀yin ń ta wàrà lọ́jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ wọn. Ọdún karùn-ún tí wọ́n ti búra nìyẹn. Kò gùn. Ẹ jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ wọn kọ fún yín:

"Geum-ran. Mo gba lẹ́tà rẹ. Ìyá rẹ ò tíì mọ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé yìí pé n ò ní kà á, mo sì ń wá ọjọ́ tó dára tí màá sọ fún un pé mo kà á. Má kọ lẹ́tà mìíràn títí n ó fi sọ. Wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mi ò mọ ilé tìrẹ. Mo wo ilé tiwa, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹ̀wà, òkun àti iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ. Boram ni kó o sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Jẹun dáadáa."

Boram. Èrè iṣẹ́. Òun ni wọ́n kọ sára òkúta náà, Ìyá mi.

Mo dúró de lẹ́tà yín títí oṣù kẹta fi dé. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé bá mi jà, mo rí i pé bàbá ò rí ọjọ́ tó dára yẹn kí wọ́n tó lọ. Mi ò wá mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún yín. Ṣé èmi ni màá wá máa sọ pé ọkọ yín fi ohun ńlá pamọ́ fún yín, tí wọn ò sì sí níbẹ̀ láti wí tẹnu wọn?

Mo ti sọ ọ́. Mi ò ní nǹkan kan tí mo ń fi pamọ́ mọ́.

Geum-ran


Chodang
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá

Geum-ran, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Mo jókòó sórí pákó ìloro, mo kà á tán, mi ò sì ta wàrà lọ́jọ́ náà. Ìyá Dong-su wá bi mí pé ta ló kú. Mo ní ọmọ ọmọ mi. Ó ní nígbà wo. Mo ní ọdún karùn-ún rẹ̀ nìyí. Ó jókòó tì mí, a sunkún dáadáa, ó wá lọ bá mi kó àwọn ìkòkò tó ti tutù.

Àna wa á ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ní ibùdókọ̀ wọ́n di mọ́ mi níwájú gbogbo ayé, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Sọ fún wọn pé mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sọ fún wọn pé mo dúpẹ́ fún koríko tí wọ́n ń hú.

Láti ọdún yìí ni ìjọba ti gbà kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa rìnrìn àjò. Mo ti lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan nípa bí a ṣe lè ṣọ́ra fún àwọn amí Àríwá, ọ̀tá ìjọba wa, nílẹ̀ òkèèrè. Mo jókòó láàárín àwọn géńdé tó wọ kóòtù. Ọkùnrin tó ń kọ́ wa ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Jámánì?" Mo ní, "Mo fẹ́ lọ kí ọmọ." Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó?" Mo na fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi sí i, ó sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Gi-tae ń bá mi wá ọkọ̀ òfurufú fún oṣù kẹta. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Má sọ fún mi pé otútù ń mú. Má sì sọ fún mi pé ọ̀gá rẹ ò fún ọ láàyè o.

Mo ti lọ bá bàbá rẹ. Èmi nìkan ni mo lọ, mi ò gbé ọtí, mi ò gbé èso. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi bá ọkùnrin yẹn gbé, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè é, lójú ìjà àti lójú ìfẹ́. Lọ́jọ́ náà mo dúró sí iwájú sàréè, mo pè é ní "ìwọ".

Mo ní, "Ìwọ! Oṣù mẹ́rin lo fi jókòó síwájú oúnjẹ mi, tí o ń jẹ, tí o mọ̀ pé mo ń di ìyá àgbà. Ọjọ́ tó dára lò ń wá? Ọjọ́ wo ni kò dára? Ọjọ́ tí òjò rọ̀? Ọjọ́ tí mo se ọbẹ̀ ẹja? Kò ju kó o fẹnu sọ ọ́ lọ! Ṣé o rò pé màá fi ọ́ rẹ́rìn-ín ni? Màá fi ọ́ rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Màá rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi mọ́, n ó sì bu oúnjẹ mìíràn fún ọ."

Mo bú u títí ohùn mi fi há. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti òkun. Nígbà tí kò sí èébú mọ́ lẹ́nu mi, mo jókòó tì í, mo tún aṣọ mi ṣe.

Mo wá ní, "Orúkọ tẹ́ ẹ fún un dára, bàbá Gi-tae. Mò ń lọ rí i. Ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ máa ṣọ́ ilé."

Èmi,
Ìyá àgbà Boram